Ìrìn Ẹsẹ̀ Lásán Lówùúrọ̀ Àjíǹde

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin gbé iṣu kan ṣoṣo wálé láti Rockey Street ní Yeoville, ó ní ọgọ́fà rand ni wọ́n tà á fún òun. Mo gba iṣu náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mo ń wá ibi tí owó yẹn wọ̀ sí lára rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì n'Íbàdàn, ṣílè mẹ́ta á ra iṣu tí ẹnì kan ò lè dá rù láti ọjà dé ibi tí a ti ń wọkọ̀. Búrẹ́dì sísì kan ni èmi àti àwọn tí a jọ ń gbé yàrá máa ń jẹ di ọjọ́ kejì. Aṣọ funfun tí wọ́n fi rán sútánà mi àkọ́kọ́, ṣílè méjì àti sísì ni yáàdì kan. Lónìí, télọ̀ tó wà ní igun Rockey ń gba irínwó rand lórí rírán nìkan, kò tíì sọ̀rọ̀ aṣọ.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo mọ̀ pé bí àgbàlagbà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye owó àtijọ́, ojú ọmọdé á lọ sára fóònù rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣu ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí a ò fowó rà nígbà náà ni n kò rí rà mọ́ báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ìjọ wa nínú ilé ńlá tí a wà yìí, tí ọgbà rẹ̀ ń gba ọgọ́rin mọ́tò, tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣí géètì, tí ọ̀rọ̀ orin ń yọ lára ògiri, ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ ni Àjíǹde ṣe máa ń rí ní Johannesburg látilẹ̀wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí ní Berea. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ọdún bíi méje péré ló wà láàárín, ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ ọ́, ó ń dà bíi pé ayé bàbá bàbá mi ni mò ń ròyìn.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àgbáyé ní orílẹ̀-èdè yìí, gbọ̀ngàn kan la ń háyà ní Berea, ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́jọ kan. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, àwọn tó ń kọ́ kàrátè ló ń lò ó. Wọ́n ya àwòrán ọkùnrin kan tó gbé ẹsẹ̀ sókè sára ògiri, ọ̀gangan ibẹ̀ gan-an sì ni pẹpẹ wa bọ́ sí. A máa ń fi aṣọ funfun bo ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ jáde láàárín ìwàásù, àwọn ọmọdé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Aládùúrà ni wá, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀: bí sútánà bá ti wọlé, bàtà ti jáde nìyẹn. Bàtà dókítà àti bàtà ẹni tó ń ta fóònù jọ máa ń sùn lé ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan ẹnì kan wọ bàtà dókítà kan lọ, ó fi tirẹ̀ sílẹ̀. Dókítà náà wọ èyí tó bá níbẹ̀ lọ sílé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kó wá gba bàtà rẹ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́, èyí tí òun wọ̀ lọ rọ òun lẹ́sẹ̀ ju tòun lọ.

Mo ju Wòlíì wa lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún un. Adéoyè lorúkọ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, ara mọ́tò tó bá wó ló ń lù tí ó fi ń tọ́, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi gbà pé ohunkóhun bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ìyàwó rẹ̀ la ń pè ní Màmá Ìjọ. Alágogo wa ni Múyìíwá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Rockey, tó gbọ́ Súlú nídìí iṣẹ́ náà ju gbogbo wa lọ. Òun náà ni a rán lọ wá imọ̀ ọ̀pẹ ní ọdún tí a kọ́kọ́ ṣe Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ní gbọ̀ngàn náà. Ibo ni ọ̀pẹ wà ní Berea? Ó gun orí òkè lọ, ó já ewé kan tó gùn, tó rí ṣóńṣó, ó kó o wá nínú àpò. Ẹ̀gún wà léteetí ewé náà láti òkè dé ilẹ̀. Ibi tí a ti ń jù ú sókè tí a ń ké Hòsánà, Hòsánà ń di yéè lẹ́nu ẹni kọ̀ọ̀kan. Wòlíì ní kí a má dáwọ́ dúró, pé ọ̀sẹ̀ ìjìyà ti wọlé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìrìn ìdájí Àjíǹde ni ọkàn mi wà lára rẹ̀. Aago márùn-ún la máa ń pàdé. Nílé, Àjíǹde àti àkọ́rọ̀ òjò jọ máa ń wọlé ni, ilẹ̀ á rọ̀, á máa ta sánsán. Níbí, ìgbà yẹn gan-an ni òjò ń palẹ̀ mọ́ tí òtútù ń dé. Ọ̀dà ojú títì á tutù débi pé ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ máa dunni, lẹ́yìn náà kò ní mọ nǹkan kan mọ́. Àwa bí ogójì la máa ń rìn láti Berea gba Yeoville dé orí òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin kan wà tí Wòlíì fi lélẹ̀: obìnrin ló kọ́kọ́ dé ibojì, nítorí náà obìnrin ni yóò ṣíwájú. Wọ́n á gbé ìgò òróró olóòórùn dídùn àti àbẹ́là dání. Ọkùnrin á dúró títí obìnrin á fi ilé mẹ́ta ṣíwájú kí wọ́n tó tẹ̀lé wọn. Ọkùnrin ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ kọrin. Wòlíì ní ṣebí àwọn àpọ́sítélì ń fara pa mọ́ lọ́jọ́ náà ni, ẹ̀rù ń bà wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́ máa kọrin sí? Bí àwọn obìnrin bá dé orí òkè, wọ́n á sáré padà wá bá wa ní ìsàlẹ̀, wọ́n á ní Olúwa ti jíǹde. Ìgbà yẹn ni ẹnu wa tó là, tí àwa náà á sáré gun òkè, ti àgbà ti ọmọdé.

Bí mo bá pa ojú mi dé báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ìró ẹsẹ̀ lásán lórí ọ̀dà, pẹ́ta, pẹ́ta, pẹ́ta, bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí ewé kókò. Agogo Múyìíwá níwájú, ó ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A ò lu ìlù, torí àwọn tó ń gbé àwọn ilé gogoro yẹn ti fi ẹjọ́ wa sùn. Ọkùnrin kan wà ní àjà kẹrin ilé kan tó máa ń ṣí fèrèsé da omi lé wa lórí. Omi tútù ló dà ní ọdún àkọ́kọ́. Ní ọdún kejì, ó tún dà á, ṣùgbọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Wòlíì ní ẹ wò ó, ìyípadà ọkàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi láti Iléṣà. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n nígbà náà, wọn ò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Àwọn ni wọ́n ru epo pupa láti abúlé dé ọjà, ọjọ́ gbogbo, nígbà tí mo wà ní ilé ìwé. Ìwé ẹ̀rí tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní yunifásítì tó wà ní Auckland Park títí mo fi fẹ̀yìn tì, orí àwọn ló rù ú. Bí mo ṣe ń wò wọ́n nínú ilé mi, tí wọ́n ń fọwọ́ pa tábìlì bí ẹni pé wọ́n fẹ́ mọ igi tí wọ́n fi ṣe é, mò ń sọ nínú ara mi pé Ọlọ́run, jẹ́ kí n dá wọn padà bí mo ṣe gbà wọ́n.

Nǹkan kan ń bà mí lẹ́rù. Àsìkò náà kì í ṣe àsìkò tó rọrùn. Ọ̀rọ̀ líle ń lọ nígboro nípa àwa àlejò, àwọn èèyàn wa sì ti ń kìlọ̀ fún ara wọn pé kí wọ́n má sọ èdè wọn sókè nínú takisí. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Gbogbo ẹni tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń kí, pẹ̀lú èdè Ìjẹ̀ṣà ponbele: ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, awakọ̀ tó dúró sídìí róbọ́ọ̀tì, ìyẹn iná tó ń dá mọ́tò dúró lójú pópó. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kí gbogbo èèyàn lójú títì níbí."

Wọ́n wò mí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. "Ta ló bí ẹni tí a kì í kí?"

Nígbà tí ìdájí Àjíǹde dé, mo fẹ́ kí wọ́n bá mi rìn lẹ́yìn, kí n lè di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọkùnrin tí yóò máa fara pa mọ́, pé ọjọ́ wo ni obìnrin ti ń tẹ̀lé ọkùnrin lọ síbi ibojì? Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, Wòlíì sì dá wọn láre. Mo fa ọwọ́ wọn lé Màmá Ìjọ lọ́wọ́. Mo ní kó má fi wọ́n sílẹ̀, pé wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò ní fóònù, wọn ò mọ orúkọ àdúgbò tí mò ń gbé. Màmá Ìjọ ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ mi ni wọ́n wà."

A rìn dé ìdí róbọ́ọ̀tì tó wà kí a tó dé Rockey. Òkùnkùn ò tíì ká tán. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìjọ aláṣọ funfun pọ̀ láàárín àwọn onílẹ̀ níbí, tí wọ́n ń jọ́sìn lábẹ́ igi, lórí òkè, nínú pápá. Àwọn kan nínú wọn ń bọ̀ láti ọ̀nà kejì ní ìdájí náà, ìlù ńlá kan ń sọ bùm, bùm láàárín wọn. Ìdí róbọ́ọ̀tì la ti pàdé, funfun wọnú funfun. Láti ẹ̀yìn níbi tí mo wà, mo ń wò wọ́n, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní ẹ wo bí ìjọ wa ṣe pọ̀ tó lónìí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Òfin ní kí n dákẹ́, mo dákẹ́. Iná yí padà, apá kan yà sósì, apá kan lọ tààrà. A tẹ̀lé agogo.

Nígbà tí àwọn obìnrin sáré padà wá jíṣẹ́ fún wa ní ìsàlẹ̀ òkè, mo ń fi ojú wá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní bóyá wọn ò lè sáré, wọ́n ti jókòó sórí òkè. Mo gun òkè náà pẹ̀lú orúnkún tó ń dún. Mo bá Màmá Ìjọ lórí òkè, ó di ọwọ́ ìyá àgbàlagbà kan mú ṣinṣin, ìyá náà wọ funfun, ó ga tó ẹ̀gbọ́n mi, ó tẹ̀ díẹ̀ bíi tiwọn. Ojú ọ̀run ti ń là. Ìyá náà yíjú sí mi.

N kò rí i rí.

Màmá Ìjọ wo ọwọ́ tó dì mú, ó wo ojú ìyá náà, ó tún wo ọwọ́ náà. Ó ní ìdí róbọ́ọ̀tì ni atẹ́gùn ti fẹ́ pa àbẹ́là òun, òun jọ̀wọ́ ọwọ́ Màmá Iléṣà kí òun lè fi ọwọ́ bo iná. Nígbà tí iná dúró, òun tún na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ kan sì wà níbẹ̀, òun dì í mú. Ọwọ́ arúgbó ni, ó rọ̀, ó tutù. Ta ni ìbá mọ̀ pé ọwọ́ arúgbó ẹlòmíràn ni?

Ìyá náà kò bínú rárá. Múyìíwá bá a sọ̀rọ̀ ní Súlú. MaKhumalo lorúkọ rẹ̀. Ojú ń dùn ún, òwúsúwusù ló ń rí ní tiẹ̀. Nígbà tí a di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rò pé ìyàwó ọmọ òun ni. Múyìíwá ní ṣé kò gbọ́ pé orin wa yàtọ̀ ni? Ó ní òun gbọ́, òun rò pé orin tuntun ni àwọn ọ̀dọ́ kọ́ fún ọdún náà, pé kò sì burú.

Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ èmi wà lọ́jà, ẹni tó pọ̀n mí sẹ́yìn ló sì sọnù. Mò ń rí wọn nínú ọkàn mi, lójú títì kan tí n kò mọ̀, wọ́n ń kí ẹni tí kò fẹ́ kí a kí òun. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé níbo ni ilé, Iléṣà ni wọn yóò sọ. Kí ni n óò sọ fún àwọn ọmọ wọn? Pé òfin ní kí n dákẹ́?

Wòlíì ti ṣí Bíbélì. Ó pa á dé. Ó ní àgùntàn kan sọnù, ìsìn ti di wíwá a. Ó pín wa sọ́nà mẹ́ta, ó ní kí àwọn kan padà sídìí róbọ́ọ̀tì, kí àwọn kan gba Rockey. Èmi, Múyìíwá àti Màmá Ìjọ ni kí a mú MaKhumalo lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀, torí ibi tí àwọn yẹn bá wà ni ìrètí wà. Ṣùgbọ́n MaKhumalo ò lè fi ojú rẹ̀ júwe ọ̀nà. Abẹ́ igi ni wọ́n ń jókòó, ló sọ. Igi pọ̀ lórí òkè náà, aláṣọ funfun sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. A dé ọ̀dọ̀ àwọn kan, wọ́n mi orí. A dé ọ̀dọ̀ àwọn kejì, kì í ṣe àwọn náà. Ní etí títì, mo bi awakọ̀ takisí kan bóyá ó rí gogo kan, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí, tó wọ funfun, tí kò wọ bàtà. Ó káwọ́ lérí ìtọ́kọ̀ rẹ̀, ó wò mí tàánútàánú.

"Eish, Bàbá. Lónìí? Gogo aláṣọ funfun ni mo ti ń gbé láti ìdájí."

Ṣé ẹ ti di ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe tiyín mú rí, tí ẹ sì ń gbàdúrà pé kí ẹlòmíràn di ọwọ́ tiyín mú bẹ́ẹ̀? Èmi ni mo wá gba ọwọ́ MaKhumalo lọ́wọ́ Màmá Ìjọ, torí ẹkún ò jẹ́ kí Màmá Ìjọ rí ilẹ̀. Mo rọra ń mú un kọjá àárín òkúta. Mo ní bí mo bá ti tọ́jú eléyìí, bóyá ẹnì kan ń tọ́jú tèmi.

MaKhumalo ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ sókè. Bùm, bùm. Ó ní ìlù àwọn nìyẹn.

Wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, lábẹ́ igi ńlá mẹ́ta, wọ́n ń jó yípo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àwọn ìyá àgbà tẹ́ ẹní. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín wọn, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú bò wọ́n léjìká, kọ́ọ̀bù tíì gbígbóná wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń mi orí sí ìlù. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀, ojú wọn le.

"Ibo lo ti ń bọ̀? Ìsìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko, omi ń bọ́ lójú mi.

"Dìde," ni wọ́n wí, "o ti ba sútánà jẹ́. Èèyàn kì í sunkún nítorí pé ó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣáà máa tètè jí."

Mo dìde, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìjọ wa kọ́ nìyí."

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. "Ìjọ ta ni?"

"Ti àwọn onílẹ̀ ni. Súlú ni wọ́n ń sọ."

"Mo rí i pé Yorùbá wọn le," ni wọ́n wá sọ. "Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Johannesburg. Ìwọ náà, tìrẹ kì í yé mi tán mọ́."

Múyìíwá túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn onílẹ̀, ẹ̀rín sì gba gbogbo abẹ́ igi náà. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀. Aṣọ funfun ni ẹ̀gbọ́n mi kí, ènìyàn sì dá wọn lóhùn. Olórí ìjọ náà, bàbá kan tó mú ọ̀pá dání, wá bá wa. Ó ní àwọn gbọ́ pé èdè ẹ̀gbọ́n mi ṣàjèjì, àwọn rò pé láti Venda ní apá àríwá ni wọ́n ti wá, àwọn wá ẹnì kan tó gbọ́ Venda láàárín àwọn, ìyẹn náà mi orí. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi gbàdúrà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, gbogbo àwọn sì ṣe àmín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, mo fẹ́ ṣàlàyé pé àlejò ni wá, pé a ní ìwé. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ kan tí Múyìíwá túmọ̀ jẹ́jẹ́ fún mi.

"Ẹni tó wọ funfun tí òtútù ń mú, a kì í bi í ní ìwé. A máa ń fún un ní búláńkẹ́ẹ̀tì."

Mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi, mo sì ti kọ́ni títí. N kò gbọ́ ìwàásù Àjíǹde tó ju èyí lọ.

Múyìíwá pe àwọn yòókù lórí fóònù. Wòlíì dé, ó ń mí helehele, àwọn obìnrin dé, àwọn tó lọ sí Rockey dé. A ò padà sí orí òkè wa mọ́ lọ́jọ́ náà. Abẹ́ igi yẹn la ti parí ìsìn, àwọn lórin tiwọn, àwa lórin tiwa, ìlù wọn àti agogo wa ń wá ibi tí wọn yóò ti pàdé, nígbà tí wọ́n sì pàdé, ẹ̀gbọ́n mi dìde, wọ́n so búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ ìdí, wọ́n jó. Màmá Ìjọ ò jọ̀wọ́ ọwọ́ wọn mọ́ títí a fi délé. Kódà ní tábìlì oúnjẹ, ọwọ́ ọ̀tún wọn ló ń dì mú, títí wọ́n fi bi í bóyá ó fẹ́ kí àwọn máa fi ẹnu gbé ẹran ni.

Láti ọdún náà, ìdí róbọ́ọ̀tì ni àwọn obìnrin tiwa àti tiwọn ti máa ń dúró de ara wọn. Iná á pupa, á tún pupa, kò sẹ́ni tó ń lọ títí apá méjèèjì yóò fi pé. Àwọn takisí á máa fun fèrè. Ọdún mẹ́rin la ṣe é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run dá wa lọ́lá, a ra ilẹ̀ ní apá àríwá ìlú, a kọ́ ilé tí ẹ ń wò yìí. Aago mẹ́sàn-án ni ìsìn Àjíǹde wa báyìí, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, iná agbóná wà lára ògiri, àwọn tó wà ní Lọndọnu ń bá wa jọ́sìn lórí fóònù. Mo bá àwọn ọmọ sọ Yorùbá, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, a sì gbọ́ra yé. N kò ní purọ́ fún yín: ẹsẹ̀ mi ò ṣàárò ọ̀dà tútù yẹn. Nígbà tí mo bá jókòó sórí àga tìmùtìmù, tí mo ka àwọn èèyàn mi tí gbogbo wọn pé láàárín ògiri mẹ́rin, ara máa ń tù mí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè ṣèèṣì di ọwọ́ àjèjì mú nínú ilé yìí.

Ní Àjíǹde tó kọjá yìí, lẹ́yìn ìsìn, mo ní kí ọmọ ọmọ mi fi mọ́tò gbé mi lọ sí orí òkè náà. Wọ́n ṣì wà lábẹ́ igi mẹ́ta. MaKhumalo jókòó sórí àga oníke. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un, nítorí náà ó rí mi láti ọ̀nà jíjìn, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ọmọ ọmọ mi kọ́ Súlú níléèwé, òun ló ń túmọ̀. MaKhumalo béèrè wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Wòlíì ńkọ́? Mo ní ó ti sùn, ọdún kẹta nìyí, ilé la gbé e lọ sin. Ìyàwó rẹ̀? Ó wà, ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin n'Íbàdàn, orúnkún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Alágogo? Ó wà ní Kánádà, ó ti bí ìbejì. Èmi náà bi í léèrè. Olórí ìjọ wọn, bàbá tó ní ọ̀pá, ńkọ́? Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ìyẹn náà ti sùn. Ìyàwó ọmọ MaKhumalo, tí a gba ipò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ó wà, òun ló ń po tíì lọ́hùn-ún. Onílù? Ó wà, ó ń gbé ìlù kọ́rùn.

Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹ̀gbọ́n mi, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó béèrè.

Mo yọ fóònù, mo pe Iléṣà, mo sì fi fóònù náà lé e lọ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀ ní Súlú, ohùn ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn ní Ìjẹ̀ṣà, ó rinlẹ̀ dáadáa. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́, kò sẹ́ni tó dá ẹnì kejì rẹ̀ dúró, wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó dá fóònù padà fún mi, ọmọ ọmọ mi bi í pé kí ni Màmá Iléṣà sọ.

MaKhumalo fi etí búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nu ojú.

"Ó ní òun wà."